Ìyanṣẹ́lódì Nìkan Kọ́ Ló Pa Heroes

Bí ẹ bá bi àwọn tó wo Heroes nígbà tó ń lọ lọ́wọ́ pé kí ló bà á jẹ́, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́: ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé ni. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó tún eré náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo sáà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a sì ń wo ọjọ́ tí apá kọ̀ọ̀kan jáde, a rí i pé ẹjọ́ náà kò rí bí wọ́n ṣe rò ó fún wa.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 ni iléeṣẹ́ NBC ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé e jáde. Tim Kring ló dá a sílẹ̀. Àwọn tó wo apá àkọ́kọ́ lé ní mílíọ̀nù 14. Kì í ṣe agbára àwọn akọni náà ló jẹ́ tuntun, Superman ti ń fò kí wọ́n tó bí bàbá wa. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé èèyàn lásán ni wọ́n, wọn kò wọ aṣọ akọni, wọn kò sì mọ ara wọn. Hiro Nakamura tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Tókíyò ṣàdédé rí i pé òun lè dá àkókò dúró. Claire Bennet, ọmọ ilé ìwé girama ní Texas, bẹ́ láti òkè gíga, egungun rẹ̀ kán, ó sì tún tò padà fúnra rẹ̀. Isaac Mendez ń ya àwòrán ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ó sì ya New York níbi tó ti ń bú gbàmù. Apá 23 ló wà nínú sáà kìíní, ọ̀dọ̀ ìbúgbàmù yẹn ni gbogbo wọn sì ń lọ.

Òǹwòran tún mọ ohun kan: ẹni tó bá kú, ó kú náà nìyẹn. Sylar ń pa èèyàn kiri kó lè gba agbára wọn, Isaac alára kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó dùn wá jù ni ti Charlie, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní Texas. Sylar pa á. Hiro padà sẹ́yìn ní oṣù mẹ́fà láti lọ gbà á sílẹ̀, ó bá a gbé, ó fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ kò rí i gbà. Ọkùnrin tí àkókò wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò lè gba ẹnì kan ṣoṣo. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni eré náà ti ga jù lọ.

Nígbà tí sáà kìíní parí, Hiro gún Sylar ní idà. Nathan Petrelli gbé àbúrò rẹ̀, Peter, tó fẹ́ bú gbàmù, fò lọ sókè kí ìlú má bàa jó. Ó yẹ kó tán níbẹ̀. Èrò Kring láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí sáà kọ̀ọ̀kan ní àwọn akọni tirẹ̀, kí àwọn ti tẹ́lẹ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti fẹ́ràn wọn ju kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí i, kí àwòrán tó kúrò lójú wa, pé Sylar kò sí níbi tó ṣubú sí mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ló tò lọ sí ẹnu ihò ojú títì. Kòkúmọ́ ni a sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ wa.

Sáà kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007. Hiro wà ní Japan ti ọdún 1671, kò sì tètè kúrò níbẹ̀. Peter wà ní Ireland, kò rántí orúkọ ara rẹ̀. Nínú oṣù Kọkànlá, Kring fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn Entertainment Weekly: Hiro pẹ́ jù ní Japan, àwọn ẹ̀dá ìtàn tuntun kò dé bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò sì bá eré náà mu. Ọjọ́ 5 oṣù náà ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn apá tó ń tọrọ àforíjì lé lórí, wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n ti yà á, kí òǹkọ̀wé kankan tó gbé pátákó dání.

Ohun tí ìyanṣẹ́lódì ṣe ni pé ó gé sáà náà kúrú sí apá 11. Wọ́n ní láti yí òpin rẹ̀ padà. Peter ti mú Caitlin, ọmọbìnrin Ireland náà, lọ sí ọjọ́ iwájú, ó fi í síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó padà lọ mú un wá títí eré fi parí. Ọ̀kan nínú wa ṣì ń jiyàn títí di òní lórí èyí. Ó ní nínú òpin tí wọ́n kọ́kọ́ yà, ìgò kòkòrò àrùn náà fọ́, àìsàn jáde, ikú ì bá sì ti padà sínú ìtàn. Ó ṣeé ṣe. A kò rí ìdáhùn tó pa á lẹ́nu mọ́.

A kò sì ní lè bínú sí àwọn òǹkọ̀wé náà. Wọ́n lé ní 10,000, ohun tí wọ́n sì ń bèèrè ni owó tó tọ́ sí wọn lórí DVD àti íntánẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ǹtì bíi 4 péré ni wọ́n ń gbà lórí DVD kan. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2008 ni wọ́n dìbò láti fòpin sí ìyanṣẹ́lódì náà. Àwa ńkọ́? Orí àwo ayédèrú tí ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa rà, tí sáà mẹ́ta wà nínú ẹyọ kan, la ti kọ́kọ́ wo Heroes. Sẹ́ǹtì kan kò kúrò lọ́wọ́ wa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, àwọn òǹkọ̀wé padà, àkókò wà, owó wà, eré náà sì burú sí i. Niki kú, òṣèré kan náà padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Wọ́n ní Sylar jẹ́ ọmọ Petrelli, wọ́n tún ní irọ́ ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, wọ́n lé Jesse Alexander àti Jeph Loeb, méjì nínú àwọn àgbà tó ń darí rẹ̀. Nígbà tí Sylar wá pa Nathan ní òpin sáà kẹta, Matt Parkman kó ìrántí Nathan sí Sylar lórí, kó lè máa rò pé Nathan ni òun. Apànìyàn ń gbé ojú ẹni tó pa kiri. Ìyá Nathan mọ̀, ó sì gbà. Peter kò mọ̀.

Ní sáà kẹrin ni wọ́n wá fọwọ́ kan Charlie. Hiro tún padà sẹ́yìn, lọ́tẹ̀ yìí ó rí i gbà. Ó fipá mú Sylar pé kó wo àìsàn tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ sàn. Bí wọ́n ṣe gbà á tán ni wọ́n tún gbé e lọ sí ayé àtijọ́, ó sì darúgbó kí Hiro tó rí i. A pa eré náà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a lọ sùn.

Ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2010 ni apá tó kẹ́yìn jáde. Claire gun òkè lọ níwájú àwọn oníròyìn, ó bẹ́ sílẹ̀ bó ṣe bẹ́ ní apá àkọ́kọ́, ó sì dìde. NBC fòpin sí i ní oṣù Karùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbé Heroes Reborn dé ní 2015, fún apá 13 péré, òṣèré tó ń ṣe Claire kò padà wá. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí kò lè kú ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí, ó fi ìbejì sílẹ̀.