Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ó Gba Èsì: Ohùn Ará Ìlú ní Niamey

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ tí Yorùbá fún rédíò, orúkọ náà sì bá a mu. Bí ìjọba bá ní kí ará ìlú san owó orí, rédíò a kéde rẹ̀ títí dé ìgbèríko. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ní òjò kò rọ̀, àti pé kò sí ohun tí òun yóò fi san án, kò sí ẹnu tí yóò gbé èsì náà padà sí olú-ìlú. Ní ilẹ̀ Niger, aládùúgbò Nàìjíríà ní apá àríwá, láti ọdún 1962 ni a ti ń wá ọ̀nà tí asọ̀rọ̀mágbèsì yóò fi máa gba èsì. Àwọn kan ti ṣe ẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀, a sì ti fọ́ ilé iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Niamey ni olú-ìlú ilẹ̀ náà láti ọdún 1926, ní etí Odò Ọya. Ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ rẹ̀ ni Maourey, ní àárín ìlú. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, Hausa àti Zarma ni èdè ọjà àti èdè ilé. Faransé ni èdè ọ́fíìsì. Ìwé ìròyìn tí a fi Faransé kọ kò wúlò fún ẹni tí kò kàwé, àwọn tí kò kàwé ni wọ́n sì pọ̀ jù. Nítorí náà rédíò ni ìwé ìròyìn wọn. Títí di òní, ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Niamey, àwọn ọ̀dọ́ a máa pé jọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní fada, wọn a se tíì, wọn a tan rédíò, wọn a sì máa jiyàn lórí ohun tí wọ́n bá gbọ́. Fada ni Hausa ń pe ààfin ọba. Ẹni tí kò ní àyè láti sọ̀rọ̀ ní ààfin ti dá ààfin tirẹ̀ sílẹ̀.

Rédíò ìjọba, Radio Niger, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, ọdún méjì ṣáájú òmìnira. Ní ọdún 1962, a dá ẹgbẹ́ àwọn olùgbọ́ rédíò sílẹ̀. Àwọn ará abúlé a pé jọ yí rédíò kan ká, wọn a gbọ́ ètò lórí iṣẹ́ oko tàbí ìlera, wọn a sì jíròrò lórí rẹ̀. A ń gba ohùn wọn sílẹ̀, a sì ń gbé èrò wọn padà sí Niamey, kí ó lè wọ inú ètò mìíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àgbẹ̀ gbọ́ ohùn àgbẹ̀ bí tirẹ̀ láti inú àpótí náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Igbe, ọdún 1974, wọ́n yí orúkọ ilé iṣẹ́ náà padà sí La Voix du Sahel, èyí ni Ohùn Sahel. Ohùn kan ṣoṣo náà ni ó sì wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Èrèlé, ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Niamey ń wọ́de nítorí ìdínkù owó ẹ̀kọ́. Orí afárá Kennedy, tí ó so yunifásítì mọ́ àárín ìlú, ni wọ́n wà nígbà tí àwọn agbófinró yìnbọn lù wọ́n. Ìjọba gbà pé ènìyàn 3 ni ó kú. Àwọn mìíràn ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọn náà kò pa ìjà náà. Ìjọba gbà kí a pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991, irú èyí tí Benin ti kọ́kọ́ ṣe ní Cotonou. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyè kankan sílẹ̀ fún obìnrin. Ní ọjọ́ 13, oṣù Ẹ̀bìbí, àwọn obìnrin Niamey jáde sí ìgboro, wọ́n sì bá ìjọba wí. Wọ́n gba àyè wọn; ọjọ́ náà sì ti di ọjọ́ àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Niger. Láti oṣù Agẹmọ títí di oṣù Bélú ni àwọn aṣojú tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan fi jíròrò, rédíò sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde bí ó ti ń ti ẹnu wọn bọ̀. Ẹni tí ó wà nílé gbọ́ bí a ti ń bi àwọn alágbára ìjọ́sí léèrè ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ padà sí ohùn kan ṣoṣo mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a fún àwọn aládàáni láàyè láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Radio Anfani, tí Grémah Boucar jẹ́ olùdarí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hausa ni anfani. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ kò nílò ògbufọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ni ó di àǹfààní ní ẹnu wa. Ní ọjọ́ 27, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1996, Ọ̀gágun Ibrahim Baré Maïnassara gba ìjọba. Nígbà tí ìdìbò ààrẹ dé ní oṣù Agẹmọ, ó tú ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò ká nígbà tí ìdìbò ṣì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ológun sì ti ilé iṣẹ́ Anfani pa. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1997, àwọn tí ó wọ aṣọ ológun tún wọ inú ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Anfani tún dìde. Ní ọdún 1998, ìgbìmọ̀ tí ń gbèjà àwọn akọ̀ròyìn, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní New York, fi ẹ̀bùn dá Boucar lọ́lá.

Ní ìgbèríko pẹ̀lú, ní ọdún 1999, àwọn ará Bankilaré, ní apá ìwọ̀-oòrùn, bẹ̀rẹ̀ rédíò tiwọn, èyí tí agbára oòrùn ń gbé ṣiṣẹ́. Ìròyìn ojú ọjọ́ wà lára ohun tí ó ń kéde, kí àgbẹ̀ lè mọ ìgbà tí yóò gbin irúgbìn.

Ọdún 2005 ni ìdánwò ńlá dé. Ọ̀dá àti eṣú ti ba oko jéró jẹ́ ní ọdún tí ó ṣáájú. Síbẹ̀ òfin ìnáwó tuntun fi owó orí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lé wàrà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, omi àti iná mànàmáná: ẹni tí ó bá ra ọjà ọgọ́rùn-ún fàráǹkì yóò fi fàráǹkì 19 lé e fún ìjọba. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ olùrajà àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ parapọ̀ láti tako ọ̀wọ́n ọjà. Ní ọjọ́ 15, oṣù Ẹrẹ́nà, ẹgbàágbèje ènìyàn jáde ní Niamey. Ní ọjọ́ 22, a ní kí olúkúlùkù jókòó sílé, ọjà sì dá páropáro. Rédíò ni ó gbé ìpè náà kiri, nítorí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè bá ẹni tí kò kàwé sọ̀rọ̀. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, ìjọba mú àwọn aṣáájú, Moussa Tchangari àti Nouhou Arzika wà lára wọn, ó sì fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn wọ́n. Wọ́n ti Radio Alternative, tí ẹgbẹ́ Tchangari dá sílẹ̀, pa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlú kò dákẹ́. Nínú oṣù Igbe, a dá wọn sílẹ̀, ìjọba sì bá wọn jókòó, ó sì dẹ ẹrù náà fún àwọn tálákà.

Kì í ṣe pé gbogbo rédíò tí ó bá fi gbohùngbohùn lé ará ìlú lọ́wọ́ ni ó dára. Ní Rwanda, ilé iṣẹ́ RTLM, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, fi ẹ̀fẹ̀ àti orin fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra. Ní ọdún 1994, òun ni ó ń pe àwọn apànìyàn síta. Ẹyin ni ohùn. Ṣùgbọ́n rédíò náà kò gba èsì lẹ́nu àwọn tí a ń pa. Ẹjọ́ ẹnìkan náà ni wọ́n ń rò níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu púpọ̀ ni wọ́n fi rò ó.

Ní oṣù Agẹmọ, ọdún 2023, àwọn ológun tún gba ìjọba ní Niamey. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n dá rédíò RFI ti ilẹ̀ Faransé dúró. Ní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2024, wọ́n dá BBC dúró fún oṣù mẹ́ta. Ní oṣù Ọ̀pẹ yìí kan náà, ní ọjọ́ 3, wọ́n wá mú Moussa Tchangari ní ilé rẹ̀.

Ìjọba tí ó bá ti ilé rédíò pa kò tíì pa ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ní í rò. Ọ̀wọ́n ìyẹ̀fun kò dínkù nítorí pé a kò gbọ́ ẹni tí ń ráhùn nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀ nítorí pé a kò kéde ọ̀dá. Ẹni tí ó ń ṣàkóso tí kò sì gba èsì yóò gbọ́ èsì náà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti inú rédíò ni yóò ti gbọ́ ọ, láti ìgboro ni.