Àrùn mẹ́dọ̀wú B láàrin àwọn aláboyún

Àrùn mẹ́dọ̀wú B jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí ìyá lè kó ran ọmọ nígbà ìbímọ. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ẹni 100 tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 64, bíi 8 ló ní i. Ti mẹ́dọ̀wú irú C kò ju bíi 1 lọ.

Ọ̀pọ̀ aláboyún tó ní i ni kò mọ̀, torí kì í sábà fi àmì hàn. Bí ojú àti ìtọ̀ bá sì pọ́n, káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ibà pọ́njú ni wọ́n máa ń pè é, àgbo ló sì máa ń kọ́kọ́ délẹ̀. Àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B kò le: wọ́n á gún ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike àyẹ̀wò pẹlẹbẹ, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú 15. Bí ilà méjì bá yọ, àrùn náà wà níbẹ̀.

Nínú ọmọ 10 tó kó o nígbà ìbí, bíi 9 ni àrùn náà kì í lọ lára wọn. Ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wọ ètò àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà. Láàrin wákàtí 24 tí wọ́n bí ọmọ ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ọmọ tí wọ́n bí sílé náà kò yọ sílẹ̀. Ìyókù ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Wọ́n lè fún ìyá tí fáírọ́ọ̀sì pọ̀ lára rẹ̀ ní oògùn tenofovir. Ìyá tó ní i lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.