Superman, ọmọ àjèjì bíi tiwa

Ẹ̀yin òbí wa ní Kánò níbí, bí ọjọ́ ìbí ọmọ bá ti dé báyìí, aṣọ Superman ni wọ́n ń bèèrè. Kí ẹ tó mú aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ ná.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Júù méjì, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ló hùmọ̀ rẹ̀ ní Cleveland, Amẹ́ríkà. Àwọn òbí wọn ṣí wá láti Yúróòpù ni. Superman fúnra rẹ̀, àjèjì ni: ayé mìíràn ni wọ́n ti bí i, àwọn àgbẹ̀ ló tọ́ ọ. Kal-El ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Clark ni wọ́n ń pè é níta. Ta ni kò mọ ìyẹn láàárín wa!

Ọdún 1938 ló jáde. Dọ́là 130 péré ni wọ́n fi ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó mà ṣe o.

Ní 1975, Nàìjíríà náà ní Powerman, akọni aláwọ̀ dúdú, àmọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń yà á.

Ti ọmọ tèmi, àǹkárá ni mo fi rán an. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ló wà láyà, dípò S.