Ọ̀tá Tó Ń Bá Èèyàn Lọ sí Gbalasa Òfurufú

Ní 2017, NigeriaEduSat-1, sátẹ́láítì kékeré ti FUTA ní Akúrẹ́, gba ibùdó ISS jáde sí gbalasa òfurufú. Akúrẹ́ kò sì jìnnà sí Emùré-Ilé wa. Ṣùgbọ́n sátẹ́láítì kì í ṣàìsàn. Èèyàn tó bá lọ síbẹ̀ ńkọ́?

Ó ti pẹ́ tí Nàìjíríà ti wà nínú ìtàn yìí. Ní 20 Oṣù Kejì, 1962, nígbà tí John Glenn yí ayé ká lẹ́ẹ̀mẹta, Kánò wà lára àwọn ibùdó tó ń tẹ̀ lé e. Òkè Kánò ló wà nígbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìdarí ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ ń fi bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù àti bó ṣe ń mí ránṣẹ́ sáwọn dókítà nílẹ̀. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nígbà náà ni bóyá á lè gbé oúnjẹ mì, bóyá ojú rẹ̀ á ṣì ríran dáadáa.

Ní Oṣù Kẹwàá 1968, ọ̀fìnkìn mú Walter Schirra nínú Apollo 7, àwọn méjì tó bá a lọ náà sì kó o. Níbi tí nǹkan kò ti ní ìwúwo, ikun kì í ṣàn wálẹ̀. Imú wọn dí gan-an. Nígbà Apollo 14 ní 1971, wọ́n ya àwọn arìnrìn-àjò sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbéra. Ọ̀tá ìta ni wọ́n ń sá fún.

Ó wá ku ti inú. Ní 1983, Augusto Cogoli fi sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe ọmọ ogun ara, ránṣẹ́ sókè nínú Spacelab. Ohun tó máa ń jí wọn sógun nílẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì wọ́n lọ́hùn-ún. Másùnmáwo tún dá kún un: àìsùn, àhámọ́ àti ìpayà ń mú kí họ́mọ́ọ̀nù kọ́tísọ́ọ̀lù pọ̀, èyí sì ń dín agbára àwọn ọmọ ogun náà kù. Ìgbà yẹn ni fáírọ́ọ̀sì tó ti ń sùn nínú ara láti kékeré máa ń jí. Nínú ìròyìn tí àwọn onímọ̀ NASA gbé jáde ní 2019, ó jí lára 47 nínú arìnrìn-àjò 89 tó wọ ọkọ̀ shuttle, àti 14 nínú 23 tó gbé ní ISS. Díẹ̀ ló ṣàìsàn nínú wọn, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò Mars á gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Kò sì dìgbà téèyàn bá wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní àwọn ọdún 1980, Janice Kiecolt-Glaser àti Ronald Glaser yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wò ní Ohio lásìkò ìdánwò. Ohun kan náà ni wọ́n rí: ọmọ ogun ara rẹ̀ wọ́n, fáírọ́ọ̀sì tó ń sùn sì ta jí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ ń fi oru ṣe ọ̀sán nítorí ìdánwò, àìsùn wà nínú orúkọ másùnmáwo. Ẹ kàwé, ṣùgbọ́n ẹ sùn.