Láti Ṣakabùlà dé Ìbọn Ìléwọ́: Ohun tí Irinṣẹ́ Alágbẹ̀dẹ Sọ nínú Ìtàn Wa

Àwọn àgbà a máa sọ pé alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èmi náà fẹ́ lu ojú kan nínú àròkọ yìí. Nígbà tí a bá ń kọ́ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá ní kíláàsì, orúkọ àwọn jagunjagun ni a máa ń há sórí: Kúrunmí, Ògúnmọ́lá, Látòósà, Fábùnmi, Ògèdèǹgbé. A kì í béèrè ẹni tí ó tún ìbọn wọn ṣe nígbà tí apátí rẹ̀ bá dá. Ìbéèrè náà kò kéré, nítorí pé ìbọn tí kò yìn kò sàn ju kùmọ̀ lọ. Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà dáhùn rẹ̀ ni láti wo irinṣẹ́ tí alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ nawọ́ mú. Irinṣẹ́ ni yóò fi hàn wá ohun tí ó mọ̀, ohun tí kò tíì mọ̀, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn ni àdúgbò tí a ti tọ́ mi dàgbà, Dogon Dutse, ní ìlú Jos. Èdè Hausa ni orúkọ náà. Òkúta gíga ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìlú Jos kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ irin. Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1952, ènìyàn lè rí iṣẹ́ amọ̀ àwọn ará Nok. Àwọn awakùsà tánganran ni wọ́n kọ́kọ́ hú irú rẹ̀ jáde ní ìletò Nok ní 1928. Nígbà tí Bernard Fagg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ Taruga ní àwọn ọdún 1960, wọ́n rí ààrò tí àwọn ènìyàn ìgbà náà fi ń yọ́ irin, ní ohun tí ó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọwọ́ òyìnbó ni a ti kọ́ bí a ṣe ń fi iná mú irin rọ̀.

Bí a bá wọ ilé arọ ní ilẹ̀ Yorùbá, irinṣẹ́ tí a óò bá níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹwìrì ń fẹ́ atẹ́gùn sí èédú kí iná lè gbóná. Ẹmú ni a fi ń di irin tí ó ti pọ́n bí ẹyin iná mú. Owú ńlá wà, ọmọ owú náà wà, òòlù sì wà fún iṣẹ́ kéékèèké. Omi wà nínú ìkòkò tí a óò ki irin bọ̀ kí ó lè le. Gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí, iná ni olórí wọn. Bí alágbẹ̀dẹ bá ṣe àṣìṣe, yóò dá irin padà sínú èédú, yóò tún un lù. Kò sí àṣìṣe tí iná kò lè tún ṣe. Ọgbọ́n ojú àti ọgbọ́n ọwọ́ ni ó gbà, nítorí àwọ̀ irin nínú iná ni a fi ń mọ ìgbà tí ó tó láti lù.

Irú ọgbọ́n báyìí ni ìbọn wá bá nílẹ̀. Ní Benin, àwọn ère idẹ tí wọ́n ti rọ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún fi àwọn ará Potogí tí ó mú ìbọn lọ́wọ́ hàn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ìbọn wá pọ̀ rẹpẹtẹ lójú ogun. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ṣakabùlà, tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Àwọn oníṣòwò Denmark ni òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ti ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn tí ó wà fún títà ní Áfíríkà nìkan.

Kí ni ṣakabùlà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò tún un ṣe? Ohun tí ilé arọ ní náà ni. Bí irin tí òkúta ìṣáná ń ṣá bá ti yọ̀, tí kò ta iná mọ́, iná àti omi ni yóò mú un le padà. Bí apátí bá dá, òòlù lè rọ òmíràn. Bí ìdí rẹ̀ tí ó jẹ́ igi bá là, agbẹ́gi wà nítòsí. Bí ọta tán, alágbẹ̀dẹ lè fi irin rọ ọ́. Ṣíṣe ọ̀pá ìbọn tuntun ni ó le. Nítorí náà títún ìbọn ṣe ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa. Ní ilẹ̀ Ìgbò ẹ̀wẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ Awka di olókìkí nídìí ìbọn rírọ. Ìbọn kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀ sí èkejì, irin tí a rọ fún ọ̀kan kò dandan kí ó bá òmíràn mu. Èyí kò da alágbẹ̀dẹ láàmú, nítorí pé bí òun náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àyípadà dé nígbà ogun Kírìjì. Ìró ìbọn inú ogun náà ni àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí ìbọn Snider, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà ní 1866. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ń ki ọta sí i, ó sì ń yìn kíákíá, ó ń lọ jìnnà ju ṣakabùlà lọ. Ohun tí ó fara sin ni pé ìbọn yìí ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀tù àti ọta ti di ohun kan ṣoṣo nínú akoto tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà Èkó, ó ti dí ẹnu ìbọn. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó túká kúrò ní ibùdó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọpọlọ adúláwọ̀ kò gbé e. Ní ìwọ̀-oòrùn, Samori Touré kó àwọn alágbẹ̀dẹ jọ, wọ́n sì fi ọwọ́ rọ ìbọn tí ó jọ ti àwọn Faransé, títí kan irú èyí tí ń yìn léraléra. Ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kò yá bí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1898 ni àwọn Faransé mú Samori.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, èyí ni ìbọn ìléwọ́ alágbá yíyí, tí à ń pè ní rìfọ́fà. Ní 1836 ni Samuel Colt gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi di 1851, ó ti gbé e wá sí àpéwò ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ènìyàn sì ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ní 1887 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ti Webley, tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham kan náà tí ṣakabùlà ti wá. Ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n méjì ni. Nínú rìfọ́fà, agbá kékeré kan wà tí ó ní ihò, tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà. Bí a bá ti fa apátí, agbá yóò yí, ihò kan yóò sì dúró gan-an lẹ́yìn ọ̀pá ìbọn. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ọta yóò gbá ẹ̀gbẹ́ irin, ó sì lè ṣe ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ léṣe.

Nítorí èyí, àpótí irinṣẹ́ ẹni tí ń tún un ṣe kò jọ ti ilé arọ rárá. Ohun àkọ́kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ ní ni irin tí a fi ń tú ìṣó oníyìí, kì í sì í ṣe èyíkéyìí. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún ojú ìṣó náà déédéé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bà á jẹ́. Èkejì ni abẹ́bẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo tí ó wà láàárín agbá àti ọ̀pá. Òòlù rẹ̀ kéré, ó lè jẹ́ ti idẹ kí ó má ba irin nínú jẹ́. Fáìlì ni a ń mú kẹ́yìn, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí pé irin tí fáìlì bá ti họ kúrò kì í padà. Níhìn-ín, iná kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Ìwọ̀n ni ọ̀gá. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń tún àṣìṣe ṣe nínú èédú, ó di ẹni tí kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe. Mo gbà pé níbẹ̀ ni ìtàn ti yà kúrò lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wa: kì í ṣe agbára tàbí ọpọlọ ni kò ní, irinṣẹ́ ìwọ̀n ni.

Òfin náà sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní 1890, àdéhùn Brussels láàárín àwọn ìjọba òyìnbó fi òfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Irú ṣakabùlà ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 tẹ̀ lé ojú ọ̀nà kan náà. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí ó jẹ́ èèwọ̀, ṣakabùlà sì wà ní ìsọ̀rí kẹta. Ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe nílé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bí eré ìdárayá, ẹ̀wọ̀n ni ní ọ̀dọ̀ tiwa.

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Jos kò ní bá òfin náà jà. Ní oṣù kẹsàn-án 2001, ní 2008 àti ní 2010, ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní ìlú wa, ìbọn tí ọwọ́ àwọn ènìyàn wa rọ sì wà lára ohun tí ó ta á sílẹ̀. Bí mo ṣe ń yin ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ, n kò gbàgbé àwọn tí wọ́n sin. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun?

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fi í ṣe. Ọwọ́ tí ó mọ bí a ṣe ń wọn àlàfo tí ó tín-ín-rín bí irun, ó lè tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ó lè tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, nígbà tí a bá padà sí kíláàsì tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ogun Kírìjì, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ẹwìrì, ẹmú àti ọmọ owú pẹ̀lú orúkọ àwọn ológun. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé arọ tí ó kù ní àdúgbò wa, kí a kọ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tí ń lò ó, kí iná ibẹ̀ tó kú. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò ní kọ ìtàn ara rẹ̀. Àwa tí a mú gègé lọ́wọ́ ni ó kù fún.