Àrùn ẹ̀dọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́ àti ìwádìí lórí pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀

Ẹ̀dọ̀ ló ń sẹ́ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń pèsè òróòro. Àrùn tó ń bà á jẹ́ kì í tètè fara hàn. Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, bí ojú bá pọ́n, tí ìtọ̀ náà sì pọ́n, ibà apọ́njú ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ alágbo sì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbà lọ. Bó bá jẹ́ àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni, iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀. Kí ẹlòmíì tó dé ilé-ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgándò, omi ti kún inú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

Kòkòrò hẹpatáítìsì B ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà tó ṣàwárí rẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1976. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà, bí 8 ló ní i lára. Abẹ tí onígbàjámọ̀ tàbí olóòlà kò sè lè kó o ranni, bẹ́ẹ̀ ni ìbálòpọ̀. Èyí tó burú jù ni ti ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ. Nínú ọmọ 10 tó bá kó o lọ́nà yìí, bíi 9 ni kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè pẹ́ ní 30 ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu ń dá kún un, nítorí májèlé aflatoxin inú wọn. Àwọn olùṣèwádìí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ti ṣe Aflasafe, èyí tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí ebu olóró má baà ráyè.

Bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pípààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Dókítà oníṣẹ́-abẹ Thomas Starzl ló kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ èèyàn, ní Denver, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1963. Aláìsàn náà kú. Ọdún 1967 ló tó yọrí sí rere. Lónìí, ìbátan lè gé lára ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ fúnni, ti ẹni tó fúnni àti ti ẹni tó gbà á yóò sì tún hù láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á yóò máa lo oògùn títí ayé. Ilé-ìwòsàn St Nicholas l'Ékòó ti ń pààrọ̀ kíndìnrín láti ọdún 2000. Ní ti ẹ̀dọ̀, Íńdíà ni ọ̀pọ̀ olówó ń gbà lọ. Kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀ fún ọdún pípẹ́, bí èyí tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún oníkíndìnrín.

Ìdí nìyí tí ìwádìí sẹ́ẹ̀lì fi ṣe pàtàkì. Ní King's College Hospital, Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ sínú hóró kéékèèké tí wọ́n fi ohun inú ewéko òkun ṣe, wọ́n sì fi í sínú ikùn ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, kó lè ràn án lọ́wọ́ títí ti tirẹ̀ yóò fi sọjí. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà hẹpatáítìsì B ló ti dé. Láti ọdún 2004 ló ti wà nínú ètò àjẹsára Nàìjíríà, láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá bí ọmọ ló sì yẹ kó gba àkọ́kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìlera ìjọba. Ọmọ tí wọ́n bí sí ilé agbẹ̀bí tàbí ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ni wákàtí náà sábà máa ń kọjá lórí rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó gbé e lọ.