Ọ̀bẹ Tuntun, Ẹ̀rọ Àtijọ́: Ìtàn Ohun tí a fi ń Gé Irin

Kí irin tó lè gé irin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ le ju èkejì lọ. Òtítọ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń ti ẹnu ọ̀bẹ bọ iná, tí wọ́n sì ń rì í sómi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tour lónìí, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń yí irin bìrìbìrì kí ọ̀bẹ lè bó o bí a ti ń bó ọsàn, yóò bá oríṣiríṣi ọ̀bẹ pàdé lórí àtẹ: acier rapide, carbure, plaquette aláwọ̀ wúrà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé èyí tí ó tuntun jù, tí ó sì wọ́n jù, ni ó dára jù. Ìtàn kò gbè wọ́n.

Ní ìgbà láéláé, ọwọ́ ni oníṣẹ́ fi ń di ọ̀bẹ mú níwájú ẹ̀rọ. Ní nǹkan bí ọdún 1751, Jacques de Vaucanson, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́ ẹ̀rọ tour onírin kan tí ó ní àga tí ń gbé ọ̀bẹ rìn ní títọ́. Ẹ̀rọ náà wà ní Musée des Arts et Métiers ní Paris. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, Henry Maudslay ní London so ìrìn ọ̀bẹ mọ́ yíyí ẹ̀rọ, tí ó fi lè gé vis lọ́gbọọgba. Ẹ̀rọ ti gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kò tíì kúrò ní ti alágbẹ̀dẹ. Bí ooru rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 250 ti Celsius, líle rẹ̀ a dínkù. Nítorí náà, jẹ́jẹ́ ni ẹ̀rọ ní láti máa yí.

Ní ọdún 1868, Robert Mushet ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì po tungstène mọ́ irin, ó sì rí i pé ọ̀bẹ tí a fi í ṣe ń le fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, láìjẹ́ pé a rì í sómi. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Frederick Taylor àti Maunsel White, ní ilé iṣẹ́ Bethlehem Steel ní Amẹ́ríkà, fi iná yan irú irin bẹ́ẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. Àwọn àgbà oníṣẹ́ gbà pé irú iná bẹ́ẹ̀ ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Òdìkejì ni àwọn méjèèjì bá. Níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ti Paris ní ọdún 1900, àwọn ènìyàn fi ojú ara wọn rí ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, tí ó ń gé irin lọ, tí kò sì kú. Èyí ni acier rapide.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nílẹ̀ kò lè lo agbára ọ̀bẹ tuntun yìí tán: ara wọn ń gbọ̀n, courroie tí ń yí wọn ń yọ̀. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ ní láti ṣe òmíràn tí ó wúwo jù, tí ó sì ń yára jù. Ọ̀bẹ ni ó sọ ẹ̀rọ di tuntun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí carbure dé. Ní ilé iṣẹ́ Osram ní Jámánì, wọ́n ń fa wáyà tín-ínrín fún gílóòbù iná, dáyámọ́ǹdì tí wọ́n sì fi ń fà á ti wọ́n jù. Ní ọdún 1923, Karl Schröter fi cobalt de lẹ́búlẹ́bú carbure ti tungstène pọ̀, ó sì sun ún bí amọ̀kòkò ti ń sun ìkòkò. Ilé iṣẹ́ Krupp gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1926, wọ́n sọ ọ́ ní Widia, orúkọ tí a fa yọ láti inú ọ̀rọ̀ Jámánì tí ó túmọ̀ sí "bíi dáyámọ́ǹdì". Lákọ̀ọ́kọ́, ńṣe ni a ń jó o mọ́ orí ọ̀pá irin. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi vis dè é, tí ó fi jẹ́ pé bí igun kan bá kú, a ó yí òmíràn síwájú. Èyí ni plaquette. Ó ń fara da ooru ju acier rapide lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti le tó náà ni ó ṣe ń tètè kán nínú ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n.

Kí ni èyí wí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì kéré? Ẹ̀rọ kékeré fúyẹ́, kò sì lágbára púpọ̀. Ìran àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ni. Acier rapide ni kí ó kọ́kọ́ rà, ọ̀pá onígun mẹ́rin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8 tàbí 10. Ó ń mú dáadáa, ó ń fara da gbígbọ̀n, bí ó bá sì kú, a ó tún un pọ́n lórí òkúta. Ẹni tí ó bá ń pọ́n ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ìdí tí igun kan fi ń gé, tí òmíràn sì ń ha irin lásán.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ra plaquette díẹ̀ fún irin líle àti fún fonte tí èèpo rẹ̀ yi. Kí ó ka àmì ara páálí rẹ̀: P wà fún acier, M fún inox, K fún fonte, N fún aluminium. Nínú CCMT 060204, C kejì ń sọ pé abẹ́ ẹnu rẹ̀ dà sẹ́yìn ní ìwọ̀n 7, kí ó má baà máa fi ara ha irin. 04 tí ó parí rẹ̀ ń sọ pé imú rẹ̀ ṣe roboto ní mìlímítà 0,4. Imú kékeré ni ó yẹ ẹ̀rọ kékeré. Imú ńlá a máa mú un gbọ̀n.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀bẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é fún.